ÌYÁ ARÚGBÓ INÚ ILÉ WA ÀTI OWÓ-ORÍ

  

Lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ oògùn kókó tàbí ti ẹ̀gẹ́ gbíngbìn. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn, èyí tí wọ́n máa ń bi mí nígbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ bá parí: "Ọ̀gá, ìyá mi arúgbó wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mò ń bọ́ wọn, èmi ni mò ń ra oògùn wọn. Ṣé ìjọba kò ní torí wọn dín owó-orí mi kù ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n owó ni ọmú náà, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí òfin wí nípa rẹ̀.

Nígbà kan, òfin mọ ìyá yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ ni bàbá mi. Mo rí wọn tí wọ́n kọ orúkọ Ìyá Àgbà sínú fọ́ọ̀mù owó-orí, mo sì bi wọ́n pé kí ni Ìyá Àgbà ń wá níbẹ̀. Òfin owó-orí ọdún 1993 ló fàyè gbà á. Ẹni tó bá ń bọ́ ìbátan tímọ́tímọ́ tí ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kó lè bọ́ ara rẹ̀, wọn yóò yọ ìwọ̀n owó kan kúrò nínú ohun tí wọn ó gba owó-orí lé lórí. Bó bá jẹ́ ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni, wọn kì í tilẹ̀ bèèrè bóyá ara rẹ̀ le. Iye tí wọ́n ń yọ wá di náírà 2,000 lórí ẹnìkan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹni méjì lọ. Bí ẹ bá ń bọ́ arúgbó mẹ́fà, méjì péré ni òfin rí.

Àtúnṣe òfin ti ọdún 2011 kó ìdẹ̀rùn pọ̀ sójú kan fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tó yá, àpọ́n tó ń dá gbé àti ẹni tó ní ìyá méjì nínú ilé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n wá fi ń ṣírò tiwọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin yìí náà kò ka iye ẹnu tí ẹ ń bọ́. Nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lọ́jà tàbí lábà pé kí ẹ mú owó wá, kí òun lè fi orúkọ ìyá yín sínú fọ́ọ̀mù kí owó-orí yín lè dín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Kò sí àyè irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin mọ́.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà àbáyọ ni? Ó wà, ṣùgbọ́n inú ìwé oko yín ló wà. Lórí náírà 800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, ẹ kò san nǹkan kan. Èrè ni mo wí o, kì í ṣe owó ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan ta kókó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní 2,400,000 náírà lọ́dún. Alágbàṣe, oògùn, àpò, owó ọkọ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ gba 1,300,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 1,100,000. Ẹ yọ 800,000, ó ku 300,000. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí rẹ̀: 45,000 náírà ni yóò san.

Bí kò bá ní ìwé kankan ńkọ́? Òfin gba agbowó-orí láyè láti fojú díwọ̀n. Bó bá ka gbogbo owó ọjà sí èrè, owó-orí náà yóò di 240,000 náírà. Àlàfo 195,000 ló wà láàárín méjèèjì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá fún oṣù mélòó nìyẹn?

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ rà, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti iye rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹgbẹ́ bá bá yín ra oògùn, ẹ ní kí akọ̀wé kọ tiyín fún yín. Alágbàṣe tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi oúnjẹ àti oògùn Ìyá kún ìnáwó oko. Ìnáwó ilé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àyálò nígboro, ẹ kọ owó ilé tí ẹ san pẹ̀lú: òfin yóò yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò yọ kò ní ju 500,000 náírà lọ. Kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdọọdún tó kọjá ni kí ẹ ti kọ ìwé èrè ọdún tó parí ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ lè ka òbí mọ́ ara àwọn tó ń bọ́, bó bá jẹ́ òun ló ń gbé ju ìdajì ìnáwó wọn, tí owó tó ń wọlé fún òbí náà kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì jókòó sí Iléṣà, kò sí nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní òun kò rí nǹkan kan yọ lórí owó tí òun ń fi ránṣẹ́ sílé, òótọ́ ló ń sọ, ẹ má bínú sí i.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo báyìí. Fọ́ọ̀mù kankan kò bèèrè wọn lọ́wọ́ mi. N kò ní torí ìyẹn yé bọ́ wọn. Ẹ̀yin náà kò sì ní yé bọ́ tiyín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí àìkọ-nǹkan-sílẹ̀ má gba owó oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé o.