"A Kò Rí Nǹkan" Kì Í Ṣe "Kò Sí Nǹkan"

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Lónìí, a ò sọ ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ara wa ni.

Kókó kan yọ sí ọ̀kan nínú wa nísàlẹ̀ etí. Kò dùn ún. Àwa ní ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó fi gèlè bò ó, ó ń tajà lọ. Nígbà tó yá, a mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ibi tí itọ́ ti ń sun wá sẹ́nu ló wú. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tínrín fa díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n pa á láró bí àdìrẹ, wọ́n wá fi awò ńlá wò ó. Èsì ní ohun tí wọ́n fà kò tó láti fi sọ̀rọ̀. Òun gbọ́ ọ pé kò sí nǹkan. Àwa náà bá a yọ̀, a tiẹ̀ jó.

Oṣù mẹ́sàn-án ni kò padà lọ. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ojú kan ò pa dé mọ́, ni ẹ̀rù bà wá. Abẹ́rẹ́ kejì rí i: jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ò gún mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ẹ mọ irin tí a fi ń gún àpò wò. Tó bá jáde lófìfo, ṣé a ó ní ẹ̀wà náà dára? A ó tún un gún ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Milan, tó jáde lọ́dún 2018, ọ̀nà 6 ni wọ́n pín èsì yìí sí. "Kò tó" ni èkíní. Ó yàtọ̀ sí "kì í ṣe jẹjẹrẹ". Wọ́n lè fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún darí abẹ́rẹ́ kejì.

Ẹ má fòyà jù o. Nínú 10 irú kókó bẹ́ẹ̀ tó bá hù níwájú etí, bíi 8 kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ pàápàá lè yí padà bó bá pẹ́ lára. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí èsì bá dé, ẹ bi dókítà ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Ṣé ohun tí ẹ fà tó? Kí lẹ rí? Ìgbà wo ni kí n padà wá?

Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó wá bá wa. A ó sin ín lọ.

Àìsàn ò ní gba ọjà lọ́wọ́ wa o. Àmín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́