Ibi Tí Ọ̀bẹ Dé, Ibi Tí Kò Dé



Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Dírẹ́bà jókòó sójú kan láti òwúrọ̀. Kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Oníṣègùn Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tí àrùn ọkàn mú nínú wọn, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1953: àrùn náà mú dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn wò, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn dírẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́ lọ, àní lára àwọn ọ̀dọ́ wọn pàápàá. Àtẹ̀gùn nìkan kọ́ ló ṣe é.

Báwo ni àrùn náà ṣe ń wá? Ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ọ̀rá a máa rá wọ ara ògiri iṣan wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògiri á wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há. A máa ń fi í wé páìpù omi tí ìdọ̀tí dí, pé bí a bá ti gbọ́n ọn, ó bùṣe. Àfiwé yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. Inú ògiri ni àrùn náà ń gbé, ó sì sábà máa ń tàn káàkiri. Wíwú kékeré tí kò tíì há ọ̀nà rárá lè bẹ́ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí, kí ọ̀nà sì dí pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní 1967, René Favaloro, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ajẹntínà tó ń ṣiṣẹ́ ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, fa iṣan ẹsẹ̀ yọ, ó fi la ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Zürich, Andreas Grüntzig ti bàlúùnù kékeré bọ inú iṣan ọkàn, ó fẹ́ ẹ, ọ̀nà sì là. Iṣẹ́ ńlá ni, mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú kan ni wọ́n ń tún ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ìwádìí COURAGE ti 2007 kò fi yà mí lẹ́nu. Aláìsàn 2,287 tí àrùn wọn kò le lójijì ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Gbogbo wọn gba oògùn àti ìmọ̀ràn. Wọ́n tún fi bàlúùnù ṣí iṣan àwọn apá kan. Ikú àti ìkọlù ọkàn kò yàtọ̀ láàárín wọn. Ìwádìí ISCHEMIA ti 2020, tó kó èèyàn 5,179 jọ, kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ikú bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí àyà ń dùn lemọ́lemọ́ rí ìtura tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n fi bàlúùnù tàbí iṣẹ́ abẹ la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ṣé oúnjẹ àti ìrìn wá lè dé ibi tí ọ̀bẹ kò dé? Oníṣègùn Dean Ornish gbìyànjú rẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ó pín àwọn aláìsàn ọkàn sọ́nà méjì. Àwọn apá kan pa ẹran tì, ọ̀rá inú oúnjẹ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rìn, wọ́n fi sìgá sílẹ̀, wọ́n sì ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, híhá iṣan wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sí 37.8; ti àwọn apá kejì, tí kò tẹ̀ lé ètò yìí, gòkè. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ìrora àyà wọn dín kù gidigidi. Èèyàn 48 péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da oògùn rẹ̀ nù. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìpàdé yẹn. A máa ń sọ fún aláìsàn pé kó yí oúnjẹ padà, a ó sì jẹ́ kó dá nìkan lọ sílé, sínú ilé tí ẹnì kankan kò ti bá a yí i.

Ọ̀bẹ ní àyè tirẹ̀: nígbà tí olórí iṣan òsì bá há, tàbí tí iṣan púpọ̀ bá dí lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí àyà rẹ̀ sì ń fún lọ́wọ́lọ́wọ́, tí òógùn tútù bò ó, tí ìrora ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kàn án ní wákàtí yẹn. Ẹran ọkàn ń kú níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó lè ṣí iṣan, ì báà jẹ́ lóru; bí ìyẹn bá jìnnà, ẹ gbé e lọ sí èyí tó sún mọ́ jù, nítorí oògùn wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì.