Ajá Tó Dákẹ́

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè bá ajá àti ológbò gbélé láìsí ewu. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni n ó fi bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, báwo lèèyàn ṣe ń dá ajá dìgbòlugi mọ̀?"

Ẹ tẹ́tí sí orúkọ yẹn dáadáa. Etí tèmi ń gbọ́ "dìgbò lu igi" nínú rẹ̀: ajá tó ń sáré kiri, tó ń forí sọ igi, tó ń bu ohunkóhun tó bá pàdé jẹ. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ṣì wá lọ́nà, torí aláriwo nìkan là ń ṣọ́. Dìgbòlugi mìíràn wà tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ajá á dákẹ́, á wọ abẹ́ àga lọ, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wó wálẹ̀, itọ́ á máa ṣàn, kò sì ní lè gbé omi mì. Ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé egungun há a lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ egungun adìyẹ sísè máa ń há ajá lọ́fun lóòótọ́ (ẹ yéé fún wọn jẹ), ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi rọrùn.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìyá kan fi Márúwá gbé ajá rẹ̀ wá. Ó ti ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń wá egungun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbìyànjú tirẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kò sí egungun níbẹ̀. Mo wo ìka ìyá náà: ọ̀bẹ tó fi rẹ́ ewúro láàárọ̀ ti gé e lójú méjì. Mo ní kí àwọn méjèèjì bọ́ sídìí ẹ̀rọ omi, kí wọ́n fọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ojú tí ìyá náà fi wò mí, àfi bíi pé mo pè é ní onídọ̀tí. Ajá náà kú lọ́jọ́ kejì. Ìyá àti ọmọ gba abẹ́rẹ́ wọn pé ní ọsibítù, wọ́n sì yè é.

Inú itọ́ ni àrùn yìí ń gbé. Kò dìgbà tí ajá bá gé èèyàn jẹ. Kí itọ́ kan ojú egbò, ojú tàbí ẹnu ti tó. Iṣan ìmọ̀lára ló máa ń tọ̀ lọ sínú ọpọlọ, ìrìn náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Àárín àsìkò yẹn ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bí àmì bá ti hàn lára èèyàn, ẹ̀pa kì í sábà bóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Kí la máa ń fi sójú egbò ná? Epo pupa, ata, irun ajá tó gé wa jẹ. Irun ajá kò mọ nǹkan kan nípa oògùn. Omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì pa ajá náà. Ẹ sé e mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí di ìgbà náà, itọ́ rẹ̀ kò ní àrùn lọ́jọ́ tó gé yín jẹ. Ẹni tó pa á ti ba ẹ̀rí jẹ́, ẹni tó sì fẹ́ kun orí rẹ̀ fún ọbẹ̀ ń fọwọ́ fa ikú. Ẹ̀yin ará Oǹdó tí ẹ ń jẹ ẹran ajá, ẹ má bínú sí mi.

Ológbò náà ń kó dìgbòlugi o. Ní 1968, lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ni wọ́n ti rí ìbátan àrùn yìí kan, tí gbogbo ayé ń pè ní Mokola di òní. Ó ti pa ológbò ní Zimbabwe àti South Africa, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Nítorí náà, bí ológbò yín bá gbé asín wá síwájú ilẹ̀kùn láti fi ṣe fọ́ńté, ẹ yìn ín, àmọ́ ọ̀rá ni kẹ́ ẹ fi gbé e.

Oògùn inú ilé ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ paracetamol bíi tiwa. Hóró kan tó jẹ́ 500 mg lè pa á; èrìgì rẹ̀ á pàwọ̀ dà di aláwọ̀ ilẹ̀. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, yálà tútù tàbí sísè. Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń dà sára ajá torí eégbọn. Eégbọn á kú lóòótọ́, ajá á sì máa gbọ̀n, á máa da itọ́, nítorí awọ ń mu ún, ahọ́n ń lá a. Oògùn eégbọn tòótọ́ wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Èyí tó jẹ́ ti ajá, ẹ má fi kan ológbò láìbèèrè.

Bí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, ó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó tún gba òmíràn lọ́dọọdún. Inú òtútù ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ náà ń gbé. Èyí tí oòrùn ti pa nínú àpò akiri, omi lásán ni, bí wọ́n tilẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí káàdì.

Ìyá ọjọ́sí padà wá lọ́dún kejì, ó gbé ọmọ ajá pupa kan dání. Bí mo ṣe ń fa abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ dúró ná, dókítà. Wọn ò múná wá láti àná. Níbo lẹ gbé oògùn yìí sí?" Mo ṣí kúlà fún un. Ó ki ọwọ́ bọ inú yìnyín títí dé ọrùn ọwọ́, ó ní kí n máa gún un lọ.