Kọ́kọ́rọ́ Tí Kì Í Jáde Nílé

Ẹni tí ó bá gba Industrial Avenue kọjá ní Ìlúpéjú yóò rí i pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó kún ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé Academy Press wà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé láti Ìbàdàn yóò di iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, yóò sì fi rán awakọ̀ sí Èkó. Lóde òní, kọ̀ǹpútà lè fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní sáfà, ní aago méjì òru nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti sùn.

Ta wá ni yóò tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó tún fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara rẹ̀, kí ni ó tì? Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè ìdánwò ni ó wà nínú fáìlì, olùkọ́ kò nílò àlàyé ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ní ọdún 1995, àwọn kan dẹ etí sí wáyà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, wọ́n sì jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àwọn ènìyàn kó. Tatu Ylönen, tí ó wà níbẹ̀, ṣe ètò tí a ń pè ní SSH ní ọdún náà gan-an. Ó kọ́ ọ lé orí ìmọ̀ tí Diffie àti Hellman gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1976: kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì tí ó bára mu, ọ̀kan ní gbangba, èkejì ní àṣírí.

Ẹni tí ó ní owó ní báǹkì yóò tètè lóye rẹ̀. Báǹkì ní àpẹẹrẹ ìbuwọ́lùwé oníbàárà lọ́wọ́. Bí sọ̀wédowó bá dé, wọn a fi wé e. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbangba ṣe wà lọ́dọ̀ sáfà. Kọ̀ǹpútà tí ń ránṣẹ́ yóò fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí bu ọwọ́ lu ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ìpàdé náà nìkan, sáfà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé ti ènìyàn ṣeé sín jẹ. Ti ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ti àná kò sì wúlò fún òní. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí fúnra rẹ̀ kò gba orí wáyà kọjá rárá.

Àṣẹ ssh-keygen ni a fi ń ṣẹ̀dá méjèèjì. A ó kọ ti gbangba sínú fáìlì authorized_keys lórí sáfà. Ti àṣírí gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tí ó ni ín nìkan ti lè kà á. Bí ojú ẹlòmíràn bá lè tó o, SSH yóò kọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Nítorí pé kò sí ènìyàn nídìí ẹ̀rọ lóru, a kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kankan bo irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì jí i ti di onílé. Nítorí náà a ní láti dín agbára rẹ̀ kù lọ́dọ̀ sáfà: kí ó má ṣiṣẹ́ àfi láti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ó sì máa gbé fáìlì sínú àpò kan péré, láìlè pa àṣẹ mìíràn. Àlejò tí a gbà sí pálọ̀ kò ní iṣẹ́ ní yàrá.

Ìránṣẹ́ ọba a máa mú ọ̀pá àṣẹ dání, kí a lè mọ ẹni tí ó rán an. Ní ti SSH, ẹni tí a ránṣẹ́ sí náà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn, nítorí sáfà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, SSH a béèrè bóyá a mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn a kàn dáhùn "yes" láìwò ó. Ó sàn kí a pe ilé ìtẹ̀wé lórí fóònù, kí wọ́n ka àmì kọ́kọ́rọ́ náà jáde, kí a fi wé èyí tí ó wà lójú ẹ̀rọ.

Bí òṣìṣẹ́ tí ó ń mójú tó kọ́kọ́rọ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ó ṣẹ̀dá òmíràn, a ó sì pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́ nínú authorized_keys. Àwọn yòókù tí ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí sáfà náà kò ní láti yí ohunkóhun padà.