Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Jẹun Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ìdánwò

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi lónìí ni kí n sọ̀rọ̀ lórí software tí wọ́n ń pè ní beta, àti ewu tó wà nínú fífi í sórí kọ̀ǹpútà tí a gbẹ́kẹ̀ lé.

Beta ni orúkọ lẹ́tà kejì nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn ará Gíríìsì. Òun ni wọ́n fi ń pe software tí wọn kò tíì parí, tí wọ́n gbé síta kí àwọn ènìyàn lè bá wọn wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú so pọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ lè gbé e wọ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó? Télọ̀ kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ti sọ pé òun kò tíì rán an.

Kí ló wá dé tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń sáré sí i? Ọ̀fẹ́ ni. Ojúlówó Windows gbówó lórí. Nígbà tí Microsoft gbé beta Windows 7 jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2009, èèyàn lè gbà á láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n ṣètò pé kó máa pa kọ̀ǹpútà ní wákàtí méjì méjì, kó sì kú pátápátá ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Ojúlówó kò jáde títí di ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá. Beta yẹn kan náà tún lè gé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kúrò níbẹ̀rẹ̀ orin MP3. Microsoft fúnra wọn ló kìlọ̀, tí wọ́n sì gbé àtúnṣe síta. Bó bá wá jẹ́ ohùn òbí tó ti lọ ni ẹ tọ́jú síbẹ̀ ńkọ́?

Windows 10 ti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 kì í tilẹ̀ ṣe beta mọ́. Wọ́n ní ó ti parí. Síbẹ̀, ó pa fáìlì àwọn kan rẹ́, ìwé àti fọ́tò wọn lọ, títí Microsoft fi dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tó bá wọn dán an wò ti kọ̀wé ṣáájú pé fáìlì àwọn sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò dé etí ẹni tó yẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bìní níbí. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ugbowo, nítòsí UNIBEN. Project akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lè wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, láìsí ẹ̀dà níbòmíràn. Oníṣọ́ọ̀bù fi beta sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì dá a mọ̀ mọ́. Ó fẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀, ó di dandan kó nu inú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Kí iná tún wá lọ láàárín iṣẹ́! Fóònù náà kò yàtọ̀: ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí beta Android padà sí ojúlówó, ó sábà máa ń di dandan kó pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́.

N kò ní kí àwọn ọ̀dọ́ má dán nǹkan wò o. Bí ẹ, ọ àti ṣ wa, pẹ̀lú àmì ohùn, bá ń jáde bí àpótí òfìfo, ta ni yóò sọ fún wọn bí kì í bá ṣe àwa? Kí wọ́n ṣáà wá ògbólógbòó ẹ̀rọ tí kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù wà nínú rẹ̀, mo bẹ akọ̀wé wa kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ sórí flash méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tuntun sí i, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Bí a bá ti ṣe tán, èmi yóò wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn fún ẹni tó bá mú flash tirẹ̀ wá.