Orúkọ, Oríkì, Ojúlé àti Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Oníṣòwò Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. N kò ní ìsọ̀ lọ́jà, n kò sì wá kọ́ yín bí a ti ń rà àti bí a ti ń tà, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Orúkọ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí: bí oníṣòwò ṣe ń ní orúkọ, àti bí orúkọ náà ṣe lè máa jẹ́ ìpè nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí bá ń wá a lórí ayélujára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú wa ti rí ní àdúgbò yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn tí ń pàtẹ sí etí ọ̀nà Oṣòdì kúrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, wọ́n wó ọjà Owónifàárí, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà mìíràn ní Bọ́ládé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, a ṣí ibùdókọ̀ ńlá Oṣòdì, ojú ilẹ̀ náà sì yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti débẹ̀ lè ṣìnà ní ọ̀sán gangan. N kò wá dá ẹjọ́ láàárín ìjọba àti ọlọ́jà. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: nígbà tí a bá wó ìsọ̀, kí ni ó kù lọ́wọ́ oníṣòwò? Ọjà tí ó bá rí kó, owó tí ó bá fi pamọ́, àti orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àmì ilẹ̀ nìkan ni oníbàárà fi mọ̀ ọ́n, pé ìyá aláṣọ ẹ̀gbẹ́ òpó kejì ni, ọjọ́ tí òpó náà lọ ni ìyá náà lọ. Oníbàárà ogún ọdún kò mọ ibi tí yóò wá a sí mọ́. Ìsọ̀ ṣeé wó. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ dáradára kò ṣeé wó. Èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìyókù, àlàyé ni.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí àlejò bá wọ ìlú tí ó bèèrè Àjàyí, wọn yóò bi í pé, Àjàyí wo? Bí ó bá wí pé Àjàyí alágbẹ̀dẹ ni, wọn yóò tún bi í pé, ti agbolé wo? Nígbà tí ó bá dárúkọ agbolé, tí àwọn tí ó jókòó sì jẹ́rìí pé àwọn mọ ọkùnrin náà ní ẹni rere, nígbà náà ni ọmọdé kan yóò dìde láti mú àlejò lọ. Ẹ̀rọ tí ń bá ni wá nǹkan lórí ayélujára, tí Google jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú wọn, kò ṣe ju ọmọdé yẹn lọ. Orúkọ, oríkì, ojúlé àti ẹ̀rí ni ó ń bèèrè. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni orúkọ. Àwọn baba wa ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ sọ ìsọ̀ wa lórúkọ, a kì í wo ilé mọ́. Pátákó ẹnìkejì ni a ń wò. Ẹ rìn láti Bọ́ládé lọ sí Máfolúkù, tàbí láti Ìsọlọ̀ lọ sí Ìlasàmàjà, kí ẹ máa ka pátákó. Ẹ óò rí Divine Favour, ẹ óò rí God's Grace; ẹni tí ń ta irin ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ránṣọ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ta oògùn náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ni mí, ẹ má ṣe rò pé mo ń kẹ́gàn oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ náà, ti gbogbo ayé ni. Kò sí ẹnìkan tí ó lè fi í ṣe àmì ara rẹ̀ nìkan. Bí oníbàárà bá tẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ìsọ̀ ni yóò jáde, láti Èkó títí dé òkè-òkun, ẹni tí ó ń wá yóò sì sọnù sáàárín wọn.

Ọkùnrin kan wà tí ó yanjú ọ̀ràn yìí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí oníyẹ̀fun rẹ̀ ní 1918. Òun náà fẹ́ kí orúkọ ọjà rẹ̀ ròyìn ìbùkún, ṣùgbọ́n ó wá a ní èdè tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Alábùkún. Kò sì fi mọ sí oògùn. Ó ń tẹ almanáàkì Alábùkún jáde lọ́dọọdún, ìwé náà sì dé ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ẹni tí orí kò fọ́ kì í wá oògùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò fẹ́ mọ ọjọ́ àti oṣù. Ó fún àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n ń wá, orúkọ rẹ̀ sì bá a wọlé. Nígbà tí orí wá fọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ó wá sí ẹnu wọn. Ó fi ayé sílẹ̀ ní 1962, a sì ń ta Alábùkún títí di òní. Orúkọ kan, tí a kọ bákan náà ní ibi gbogbo, tí a kò sì yí padà fún ọdún púpọ̀: kò sí ohun tí àwọn amòye òwò òde òní ń kọ́ni nípa orúkọ tí ó ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ lè lókìkí kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Gbogbo yín ni ẹ mọ ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, tí ń kún ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ahunṣọ àwọn ará Íńdíà ni Aswani; lónìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀, bàtà, àpò àti aṣọ òkìrìkà ni ó ń wá síni lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kadà: ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni ó ń jẹ́ orúkọ náà, alùpùpù ni ó jogún rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi òfin di orúkọ yín mú. Ìwé méjì ni ó wà, ọ̀kan kò sì dí àyè èkejì. Àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí a mọ̀ sí CAC, ni ó ń kọ orúkọ òwò sílẹ̀. Àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ ọjà lára, ibòmíràn ni a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ní ọ́fíìsì àmì òwò ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń gbà, a sì ń sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14-14. Ẹni tí ó ní ìwé àkọ́kọ́ tí kò ní èkejì lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó bá àmì rẹ̀ lára ọjà ẹlòmíràn.

Èkejì ni oríkì. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ti ń polówó. Ẹni tí ó ru ẹ̀kọ kì í ké orúkọ ara rẹ̀ kiri òpópónà. Ẹ̀kọ ni ó ń ké, ó sì ń wí pé ó gbóná, nítorí ó mọ ohun tí ẹni tí ebi ń pa nínú ilé ń rò. Ẹ wá ka ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kọ sí ìkànnì wọn: pé olóòótọ́ ni àwọn, pé iṣẹ́ àwọn kò lẹ́gbẹ́, pé oníbàárà ni ọba. Ta ni ó ń tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù? Ẹni tí iná rẹ̀ kú lóru ń bèèrè ẹni tí ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní Ìlasàmàjà. Ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó ń bèèrè ibi tí a ti ń ta aṣọ òkè ní Oṣòdì. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà wọ̀nyí ni oríkì òwò yín. Ẹ kọ wọ́n sí àkọlé ìkànnì yín, sínú gbólóhùn àkọ́kọ́, àti sábẹ́ àwòrán ọjà. Ẹ sọ iye tí nǹkan jẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà, àti wákàtí tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn. Kí ojú-ìwé náà sì tètè ṣí lórí fóònù kékeré, nítorí owó ni oníbàárà fi ń ṣí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀rọ náà ní àwọn ìránṣẹ́ tí ń rìn láti ojú-ìwé kan dé èkejì, tí ń ka ohun tí a kọ síbẹ̀, tí ó sì ń tò ó pamọ́ bí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ńlá. Nígbà tí ẹnìkan bá bèèrè nǹkan, inú atọ́ka yìí ni ó ń wò. Láti 2024 ni Google ti ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe àkópọ̀ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè kan, síbẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ ni ó ń kó jọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwa tí a fẹ́ràn èdè wa. Ẹni tí ń wá nǹkan lórí fóònù kì í sábà fi àmì ohùn sí i. Oshodi àti Isolo ni yóò tẹ̀. Ẹ kọ orúkọ Yorùbá yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ sí ara pátákó, kí ó lè níyì. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé, ẹ jẹ́ kí irú ìkọ̀wé tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀. Ẹ̀rọ ti ṣetán láti gbọ́ wa. Ohun tí a kò bá kọ ní Yorùbá ni kò ní rí ní Yorùbá.

Ẹ̀kẹta ni ojúlé. Google ní àkọsílẹ̀ kan fún ìsọ̀, tí ń jẹ́ Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni a ń kọ orúkọ, irú iṣẹ́, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti wákàtí iṣẹ́ sí, a ó sì fi àwòrán ìsọ̀ sí i; àwọn náà yóò wádìí bóyá òtítọ́ ni kí wọ́n tó fi hàn lórí máàpù. Kí orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀ bá ti ara pátákó mu. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìpolówó kún un ti rú òfin wọn. Kí àdírẹ́sì náà dárúkọ ibùdókọ̀ tí ó sún mọ́ yín, nítorí bí a ti ń júwe ọ̀nà níhìn-ín nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò kí òun tó yan ìsọ̀ kan ṣáájú èkejì: bí iṣẹ́ rẹ̀ ti bá ìbéèrè mu, bí ó ti sún mọ́ ẹni tí ń bèèrè, àti bí òkìkí rẹ̀ ti tó. A kò lè fi owó ra ipò yìí. Ìpolówó tí a sanwó fún ní àyè tirẹ̀, a sì fi àmì sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó yín pé dájúdájú òun yóò fi yín sí ipò kìn-ín-ní, ẹ ṣọ́ra fún un.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn Owónifàárí ti padà wá. Ẹni tí ó bá ní irú àkọsílẹ̀ yìí, bí a bá wó ìsọ̀ rẹ̀ lónìí, kò ní ṣí òmíràn. Yóò yí àdírẹ́sì padà lórí èyí tí ó ti ní, orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà ti jẹ́ nípa rẹ̀ yóò sì bá a dé ibi tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Ọ̀pọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ ìkànnì lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ ra orúkọ ìkànnì náà. Nígbà tí ìjà dé, ó di kọ́kọ́rọ́ ilé náà mú. Bí orúkọ náà bá parí sí .ng, àjọ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní 2005, ni ó ń bójú tó o. Kí ó wà ní orúkọ yín, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú àpótí yín.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rí. Ní 1998, Larry Page àti Sergey Brin, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá Google sílẹ̀ lórí èrò kan: pé bí ìkànnì kan bá tọ́ka sí òmíràn, ó ti jẹ́rìí sí i, àti pé ẹ̀rí ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ́rìí sí wúwo ju ti aláìmọ̀ lọ. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin Olóyè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti ń gbọ́ ẹjọ́. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ilé-ìwé tàbí ìwé ìròyìn bá tọ́ka sí ìsọ̀ yín, èrè ni. Ẹ sọ fún oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn kí ó kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ẹ sì fi sùúrù dá ẹni tí inú ń bí lóhùn, nítorí àwọn mìíràn ń kà á.

Àwọn kan ń ra ẹ̀rí èké. Wọ́n ní, òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo mọ òwe náà, ṣùgbọ́n òmíràn wà: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Google ṣe àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Penguin, tí ó rẹ àwọn ìkànnì tí ń fi èrú kó ẹ̀rí jọ sílẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ìkànnì tí ó dára ń mú oníbàárà wá sí ẹnu ọ̀nà ni. Bí ọjà tí ó bá níbẹ̀ kò bá dára, gbogbo ayé ni yóò tètè mọ̀.

Mo fi iṣẹ́ kan rán yín lọ sílé. Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ kan nínú ilé, kí ẹ fún un ní fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ó tẹ orúkọ yín. Kí ó tẹ iṣẹ́ yín àti orúkọ àdúgbò yín nìkan. Bí ẹ kò bá rí ara yín níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń wá yín tí kò rí yín. Ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà, ẹ lè kó àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ ẹ̀rọ yìí jọ, kí wọ́n máa wá sí ọjà láti ran àwọn àgbà lọ́wọ́, títí a ó fi kọ orúkọ gbogbo ìsọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ná wa ní owó púpọ̀, kò sì yẹ kí ó dúró de ọjọ́ tí katakata yóò tún wọ ọjà kan.

Kí ọjà ó tà o.