Ìjánu Iwájú Alùpùpù Àtijọ́

Kò sí ẹni tí ń ra ẹṣin tí kì í béèrè ìjánu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti alùpùpù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún àti bí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń dán. Ìgbà tí ewu bá dé ni wọ́n tó ń rántí ohun tí ń dá a dúró. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí ni ti ìjánu iwájú alùpùpù àtijọ́: báwo ni a ṣe lè mú un dára ju bí a ti bá a lọ, láìsọ àtúnṣe di ìparun?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìjọ́rà ní ìlú Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà èbúté Àpápá ni Ìjọ́rà wà, àwọn tírélà tí ń ru kọ̀ǹténà àti àwọn tánkà tí ń gbé epo kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Kí a sọ pé ọmọkùnrin kan ní àdúgbò náà jogún Honda CG125 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní 1976 ni irú alùpùpù yìí kọ́kọ́ jáde. Àwọn ará Jàpáànì ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dán, kí ó lè lágbára, kí àtúnṣe rẹ̀ má sì ṣòro. Ọmọ yìí ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ti kun tánkì, ó ti pààrọ̀ táyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ìjánu iwájú, ńṣe ni ó ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, alùpùpù a sì máa yí lọ.

Ìmọ̀ràn méjì ni ó rí gbà. Ẹnì kan ní kí ó yọ ìjánu iwájú náà sọnù, nítorí pé òun ni í dojú ènìyàn délẹ̀. Ẹnì kejì ní kí ó ra dísìkì tòkunbọ̀, kí wẹ́dà jó o mọ́ ọn. Ìfẹ́ ni àwọn méjèèjì fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ewu ni ìmọ̀ràn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn. Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ àti ti ẹni tí ó gùn ún a ya síwájú. Táyà iwájú a tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ti ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Nítorí náà, ìjánu iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Kì í ṣe òun ni í dani bí kò ṣe fífà á lójijì, pàápàá lórí iyanrìn, lórí epo tàbí ní kọ́nà. Alùpùpù tí ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 16 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò lò kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá yọ ìjánu iwájú rẹ̀ ti yọ èyí tí ó lágbára jù nínú méjèèjì.

Ẹni kejì ńkọ́? Òótọ́ ni pé dísìkì dára. Láti ìgbà tí Honda ti gbé CB750 jáde ní 1969 pẹ̀lú dísìkì níwájú ni òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé. Ìta gbangba ni dísìkì wà, afẹ́fẹ́ ń tù ú, omi òjò kì í sì í pẹ́ lára rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ni ìjánu àtijọ́ wà ní tirẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, dúrọ́ọ̀mù a fẹ̀, a sì sún kúrò lọ́dọ̀ àwọn irin méjì tí ó tẹ̀ kọrọdọ tí a ń pè ní ṣúù. Ìgbà náà ni ọwọ́ yóò máa fà á tí kò ní mú.

Síbẹ̀, kì í ṣe ara fọ́ọ̀kì gbogbo ni a ń so dísìkì mọ́. Fọ́ọ̀kì tí kò ní ibi tí a ó de irin tí ń fún dísìkì mọ́, a kò ṣe é láti gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí wẹ́dà bá jó irin mọ́ ọn, iná lè sọ irin ibẹ̀ di aláìlágbára, ọjọ́ tí a bá sì fa ìjánu kíkankíkan ni ó lè ya. Ẹni tí yóò fi dísìkì sí i gbọ́dọ̀ wá odidi iwájú alùpùpù tí ó bá tirẹ̀ mu: fọ́ọ̀kì, wíìlì, dísìkì àti ọwọ́ ìjánu tí ń ti òróró. Òróró ìjánu gan-an ni kí ó dà sí i, láti inú agolo tí a kò tíì ṣí, nítorí pé a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òróró ẹ́ńjìnnì a máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn olùdámọ̀ràn méjèèjì kò rò. Kí ó mú ìjánu ti bàbá rẹ̀ padà bọ̀ sípò ná. Kí ó pààrọ̀ wáyà tí ó ti dípẹtà. Kí ó gbé wíìlì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ yí irin, láti fá inú dúrọ́ọ̀mù kí ó rí roboto, láìtú àwọn sípóòkù rẹ̀, nítorí pé bí a bá tú wọn tí a tún fà wọ́n, ó lè tún wọ́. Kí a lẹ awọ tuntun mọ́ àwọn ṣúù, kí a sì yún un kí ó bá dúrọ́ọ̀mù mu dọ́gba. Apá kékeré tí wáyà ń fà ní ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní igun gígún pẹ̀lú wáyà nígbà tí ìjánu bá mú. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, agbára ọwọ́ ń ṣòfò ni. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wá ìjánu dúrọ́ọ̀mù tí ṣúù méjèèjì rẹ̀ ń sún síbi tí wíìlì ń yí sí. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni yíyí wíìlì ń fà mọ́ra, a sì máa ti èkejì dànù.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀: kí a má ṣe fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ sójú afẹ́fẹ́. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ awọ ìjánu ayé àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún.

Bí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe àárín tírélà ni a ti ń dán an wò. Pápá gbalasa ni, pẹ̀lú eré díẹ̀díẹ̀, kí awọ tuntun lè bá irin mọra. Kí ọmọ náà sì rántí òfin: láti 1 Oṣù Kẹfà 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì wà lára wọn. Kí ó wádìí ibi tí alùpùpù rẹ̀ lè dé kí ó tó gùn ún jáde.

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí a ṣe ń tún ìjánu ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni a ṣe ń fà á. Ogún bàbá yóò wà, ọmọ tí ó jogún rẹ̀ yóò sì wà láti gùn ún.